Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́: Bí A Ṣe Ń Jáwọ́ Nínú Owó Ààbò Sáfà Láìṣí Ewu

Láti ìgbà tí àwọn ahunṣọ Rochdale ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1844 ni ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ọ̀kan nínú òpó tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró lé. Ẹ̀kọ́ tí a mú wá lọ́tẹ̀ yìí kan gbogbo ẹgbẹ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì, ó sì kan gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tí ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé. Ìbéèrè rẹ̀ ni èyí: bí a bá fẹ́ dá owó ọdọọdún tí à ń san lórí antivirus sáfà dúró, báwo ni a ó ṣe é tí ìwé wa kò fi ní bàjẹ́?

A fẹ́ kí akọ̀wé ka ẹ̀kọ́ yìí sókè ní ìpàdé, kí á sì jíròrò lórí àwọn ìbéèrè tí ó wà ní ìparí rẹ̀.

KÍ NI SÁFÀ, KÍ SÌ NI À Ń SANWÓ FÚN?

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni a fi ń mọ Ṣómólú jákèjádò Nàìjíríà. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, kálẹ́ńdà, ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, páálí ọjà, gbogbo rẹ̀ ni à ń tẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, a sábà máa ń rí ọ̀kan tí àwọn yòókù ń gba fáìlì lọ́dọ̀ rẹ̀. Òun ni sáfà. Ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́, sáfà ni ó ń tọ́jú orúkọ ọmọ ẹgbẹ́, owó ìfipamọ́, ìpín, ẹ̀yáwó àti orúkọ àwọn onídùúró. Kò di dandan kí ó jẹ́ ẹ̀rọ ńlá. Kọ̀ǹpútà àlòkù tí ó wà lábẹ́ tábìlì akọ̀wé lè máa ṣe iṣẹ́ sáfà.

Antivirus dà bí ọlọ́dẹ àdúgbò. Ó ní àkójọ àmì tí ó fi ń dá olè mọ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọ̀daràn ń ṣe fáírọ́ọ̀sì tuntun, ojoojúmọ́ náà sì ni ilé-iṣẹ́ tí ó ni antivirus ń fi àmì tuntun ránṣẹ́ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Àmì tuntun wọ̀nyí, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ nígbà ìṣòro, ni owó ọdọọdún wa ń rà.

Bí owó bá tán, antivirus kì í sábà kúrò lórí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ ṣì lè wà ní ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àkójọ rẹ̀ lè ti dúró sí ọjọ́ tí owó tán. Ọlọ́dẹ ṣì wà lẹ́nu géètì, ṣùgbọ́n olè àná nìkan ni ó mọ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí á kàn dákẹ́ kí owó tán. Ẹni tí ó bá fẹ́ jáwọ́, kí ó jáwọ́ pẹ̀lú ètò.

ÌDÍ TÍ ẸGBẸ́ FI LÈ FẸ́ JÁWỌ́

Ìdí kìíní ni owó. Ọ̀pọ̀ antivirus jẹ́ ti òkèèrè, dọ́là ni wọ́n sì fi ń dá iye rẹ̀. Kí ó tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹfà ọdún 2023, tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà pa àwọn ọjà pàṣípààrọ̀ owó pọ̀ di ọ̀kan, dọ́là kan kò tó náírà 480 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí ọdún 2024 ń parí lọ, ó ti kọjá náírà 1,500. Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò àpẹẹrẹ. Ká ní ẹgbẹ́ kan ní sáfà 1 àti kọ̀ǹpútà 5, tí owó ààbò ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ dọ́là 40 lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là 240. Bí dọ́là kan bá jẹ́ náírà 470, náírà 112,800 ni a ó san. Bí ó bá jẹ́ náírà 1,500, a ó san náírà 360,000. Iṣẹ́ tí antivirus ń ṣe kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ti ju ìlọ́po mẹ́ta lọ. Nínú èrè tí ó yẹ kí á pín fún ọmọ ẹgbẹ́ ni owó náà ti ń jáde.

Ìdí kejì ni pé ẹni tí ń tà á lè yí ètò rẹ̀ padà láìbi wá léèrè. Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Broadcom ra apá Symantec tí ń ta ààbò fún àwọn ilé-iṣẹ́, ó san bílíọ̀nù dọ́là 10.7. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹfà ọdún 2024 pé Kaspersky, tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Rọ́ṣíà, kò gbọdọ̀ ta ọjà fún oníbàárà tuntun níbẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù keje. Wọ́n ní kò sì gbọdọ̀ fi àmì tuntun ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà àtijọ́ níbẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án. Nínú oṣù kẹsàn-án náà, àwọn kan nínú oníbàárà rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàdédé bá antivirus mìíràn tí ń jẹ́ UltraAV lórí kọ̀ǹpútà wọn, tí àwọn fúnra wọn kò fi síbẹ̀. Òfin yẹn kò dé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa: ẹni tí kò bá ní ètò tirẹ̀, ètò ẹlòmíràn ni yóò bá lórí tábìlì rẹ̀.

Ìdí kẹta ni pé ààbò kan lè ti wà nínú ohun tí a ti rà. Láti Windows Server 2016 ni Microsoft ti ń fi Microsoft Defender Antivirus sínú Windows sáfà, a kì í sì í san owó ọdọọdún lọ́tọ̀ lórí rẹ̀. Fún sáfà tí ń lo Linux, ClamAV wà, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n a ní láti ṣètò rẹ̀ kí ó máa yẹ àwọn fáìlì wò ní àkókò tí a bá dá fún un.

BÍ ÒGIRI KÒ BÁ LANU

Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Kí á tó sọ̀rọ̀ antivirus rárá, ẹ jẹ́ kí á wo ògiri, ìyẹn Windows fúnra rẹ̀. Microsoft máa ń rán àtúnṣe ọ̀fẹ́ wá láti dí ihò tí wọ́n bá rí. Bí ọjọ́ orí Windows kan bá pé, àtúnṣe náà dópin. Ti Windows Server 2003 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù keje ọdún 2015. Ti Windows 7 àti Windows Server 2008 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Ti Windows Server 2012 dópin ní ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2023. Ti Windows 10 dópin ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ọjọ́ tí wọ́n dá fún Windows Server 2016 ni ọjọ́ 12 oṣù kìíní ọdún 2027. Ti Windows Server 2019 ni ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2029. Àwọn oníṣòwò ńlá kan máa ń sanwó lọ́tọ̀ kí ọjọ́ náà lè sún síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹgbẹ́ kékeré gbójú lé ìyẹn.

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2017. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ni Microsoft fi àtúnṣe kan síta láti dí ihò kan nínú Windows. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á. Ní ọjọ́ 12 oṣù karùn-ún, fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n pè ní WannaCry gba ihò náà wọlé. Ó ń ti gbogbo fáìlì pa, ó sì ń béèrè dọ́là 300 kí ó tó ṣí wọn. Ó ran kọ̀ǹpútà tí ó ju 200,000 lọ ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nínú ẹ̀ka ìlera ìjọba 236, ó kéré tán 81 ni ó kàn. Wọ́n sọ fún àwọn aláìsàn pé kí wọ́n padà sílé. Àtúnṣe tí ìbá gbà wọ́n ti wà nílẹ̀ fún bí oṣù méjì, ọ̀fẹ́ sì ni.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ tí ó ń san owó antivirus lórí Windows tí àtúnṣe rẹ̀ ti dópin dà bí ẹni tí ó háyà ọlọ́dẹ síwájú ilé nígbà tí ògiri ẹ̀yìn ti wó. Owó antivirus ọdún kan tàbí méjì lè wúlò jù bí a bá fi kún owó ẹ̀rọ tí ó bá ìgbà mu.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ EWU

Atẹ̀wé tí fáìlì rẹ̀ bá bàjẹ́ lè pàdánù iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan àti oníbàárà tí ó ti bá a ṣe láti ọdún 10. Ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìwé owó bá parẹ́, ta ni yóò sọ iye tí ìyá àgbà kan ti fi pamọ́ láti ọdún wọ̀nyí wá? Ta ni yóò fi hàn pé ẹni tí ó yá owó ti san án tán, kí onídùúró rẹ̀ lè sùn? Ìgbẹ́kẹ̀lé ni gbogbo owó ẹgbẹ́. Bí àríyànjiyàn bá wọ ìwé owó, ẹgbẹ́ lè tú ká, bí owó tilẹ̀ ṣì wà ní báǹkì.

Òfin náà ń bẹ níbẹ̀. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kan ẹnikẹ́ni tí ó bá ń tọ́jú orúkọ, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù tàbí nọ́ńbà báǹkì àwọn ènìyàn. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sí ọwọ́ olè tí ó sì lè pa wọ́n lára, a gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ Ìdáàbòbò Dátà létí láàárín wákàtí 72 tí a bá mọ̀.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́JỌ

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ètò yìí ó kéré tán ní 60 ọjọ́ kí owó tó tán.

1. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà mélòó ni a ní? Windows wo ni ó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Ọjọ́ wo ni owó yóò tán? Ímeèlì ta ni a fi forúkọ sílẹ̀, káàdì báǹkì ta sì ni a fi ń sanwó?

2. Ẹ gba kọ́kọ́rọ́. Antivirus ti ilé-iṣẹ́ sábà máa ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà kí ó tó gbà kí á yọ òun kúrò. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó fi í síbẹ̀ bá ti lọ, ẹ wá a kàn nísinsìnyí, ẹ má dúró di ọjọ́ iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ aṣínà kò gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ kọ ọ́ sínú àpòòwé, ẹ lẹ̀ ẹ́ pa, kí akápò tì í mọ́ inú séèfù.

3. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ń tẹ̀ lé ni ẹ̀dà 3, lórí oríṣi ohun èlò 2, kí 1 nínú wọn sì wà níbòmíràn. Díìsìkì tí a so mọ́ sáfà ní gbogbo ìgbà kò tó, nítorí fáírọ́ọ̀sì tí ń ti fáìlì pa lè ti ti ìyẹn náà pa. Ẹ yọ ọ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ mú fáìlì díẹ̀ láti inú ẹ̀dà náà, ẹ ṣí wọn lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ̀dà tí a kò dán wò kì í ṣe ẹ̀dà. Ẹ tẹ iye owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sórí ìwé pẹ̀lú, kí alága àti akápò fọwọ́ sí i.

4. Ẹ dí ihò ògiri. Ẹ gba gbogbo àtúnṣe Windows. Bí ọjọ́ orí Windows náà bá ti pé, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ antivirus kí ẹ rò pé ó tán. Ẹ kọ́kọ́ ṣètò bí ẹ ó ṣe kó ìwé ẹgbẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ tí ó bá ìgbà mu.

5. Ẹ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kan tí kì í ṣe sáfà. Ẹ lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Ṣé ètò ìṣirò owó ṣì ń ṣí? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣì ń dáhùn?

6. Ẹ yan ọjọ́ tí iṣẹ́ kò sí, bí ọjọ́ Àìkú. Ẹ rí i pé epo wà nínú jẹnẹrétọ̀ tàbí pé bátìrì ínfátà kún, nítorí bí iná bá lọ ní àárín iṣẹ́, Windows lè bàjẹ́. Ẹ pa àwọn kọ̀ǹpútà yòókù. Ẹ yọ antivirus àtijọ́ pẹ̀lú irinṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà, ẹ pa sáfà kí ẹ sì tún un tàn, kí ẹ tó mú tuntun ṣiṣẹ́. Antivirus méjì kì í ṣọ́ ilé kan. Wọn yóò máa fura sí ara wọn, sáfà yóò sì máa wọ́ bí ìgbín. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀: lórí Windows 10 àti 11, Defender sábà máa ń jí fúnra rẹ̀ bí a bá yọ antivirus mìíràn kúrò. Lórí Windows sáfà, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣí i, ẹ fi ojú ara yín rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, pé ó sì ti gba àmì tuntun ti ọjọ́ náà, kí ẹ tó tan àwọn kọ̀ǹpútà yòókù.

7. Ẹ dá owó dúró ní gbangba. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló máa ń yọ owó ọdún tuntun láti inú káàdì láìbéèrè. Ẹ wọ ojú ewé ìforúkọsílẹ̀, ẹ pa ìsanwó aládàáṣe náà, ẹ sì tọ́jú ẹ̀rí rẹ̀ fún ayẹ̀wé-owó-wò.

8. Ẹ máa ṣọ́ ọ fún 30 ọjọ́. Kí ẹnì kan tí a dárúkọ rẹ̀ máa wò ó lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀ bóyá àmì ọjọ́ náà ti wọlé, kí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé.

FLÁÀṢÌ ONÍBÀÁRÀ

Ní Ṣómólú, fláàṣì ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń gbé iṣẹ́ wá. Ó ti Bàrígà dé Akọka, ó ti wọ kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ àti ti ibi ìlò íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. A gba ọmọ ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ atẹ̀wé níyànjú pé kí ó ya kọ̀ǹpútà kan sọ́tọ̀, tí a kò so mọ́ sáfà, fún ṣíṣí fláàṣì oníbàárà. Kí a yẹ fáìlì náà wò níbẹ̀, kí a tó gbé dẹ́síǹ nìkan wọlé. Kọ̀ǹpútà àlòkù lè ṣe iṣẹ́ yìí, bí Windows tàbí Linux tí ó wà lórí rẹ̀ bá ṣì ń gba àtúnṣe.

Ẹ ṣọ́ra fún antivirus kíráàkì tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tí ó lọ gba ọlọ́dẹ lọ́wọ́ olè, kí ó má béèrè ẹni tí ó jí òun lẹ́rù.

ÌGBÀ TÍ KÒ YẸ KÍ Á JÁWỌ́

A kò sọ pé kí gbogbo ẹgbẹ́ jáwọ́. Bí sáfà bá ṣí sílẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí àwọn ẹ̀ka lè máa lò ó láti òkèèrè, tàbí bí kọ̀ǹpútà bá pọ̀, tí kò sì sí ẹni tí yóò máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, owó tí à ń san lè tọ́ sí i. Antivirus ti ilé-iṣẹ́ máa ń jẹ́ kí ẹnì kan wo gbogbo kọ̀ǹpútà láti ojú kan, ó sì lè ké sí i bí ewu bá dé. Àwọn ohun ọ̀fẹ́ ń fẹ́ ojú ènìyàn. Bí ẹgbẹ́ kò bá lè yan ojú náà, kí ó máa sanwó lọ, tàbí kí ẹgbẹ́ méjì tàbí mẹ́ta pawọ́ pọ̀ san owó onímọ̀ kan tí yóò máa yí ká ọ́fíìsì wọn. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Kí ìgbìmọ̀ mú iye owó méjèèjì wá sí ìpàdé gbogbogbòò, ti dídúró àti ti jíjáwọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ dìbò. Bí a bá jáwọ́, kí a kọ́kọ́ yọ owó díìsìkì ìpamọ́ àti ti bátìrì sáfà nínú ohun tí a rí fi pamọ́, kí ìyókù tó wọ àpò èrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Windows wo ni ó wà lórí sáfà ẹgbẹ́ wa, ọjọ́ wo sì ni àtúnṣe rẹ̀ dópin tàbí yóò dópin?

2. Ta ni ó mọ ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀? Bí ẹni náà bá rin ìrìn-àjò lọ́la, ta ni yóò ṣí i?

3. Nígbà wo ni a dán ẹ̀dà ìpamọ́ wò kẹ́yìn?

4. Bí sáfà bá kú ní òwúrọ̀ ọ̀la, ṣé a lè sọ iye owó ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú?

Ẹgbẹ́ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè kẹrin láìwojú ara wọn lè bẹ̀rẹ̀ ètò jíjáwọ́. Èyí tí kò bá lè dáhùn rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, ì báà máa sanwó antivirus lọ tàbí kí ó má san án. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yóò máa gbèrú o.